Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé nínú ilé: ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi mí ní Ẹ̀pẹ́, àti ìdáhùn mi

Láti ọdún mélòó kan ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án Sátidé, tí a ń fi páálí, imọ̀ ọ̀pẹ, agolo àti àkísà ṣe oríṣiríṣi nǹkan. Àwọn òbí tó ń wá mú ọmọ wọn kì í yéé béèrè ọ̀rọ̀, ìbéèrè kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè. Mo wá kọ ìdáhùn wọn síbí, kí ẹni tí kò bá mi nílé lè rí i kà.

Kí ni ẹ ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé gan-an?

Ohunkóhun tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti inú nǹkan tó wà nítòsí, tó sì lè mú dání nígbà tó bá parí: ọkọ̀ ojú omi onípáálí, mọ́tò tí a fi agolo sàdínì ṣe, ọmọláńgidi alákìísà, abẹ̀bẹ̀ imọ̀ ọ̀pẹ, ìkòkò kékeré tí a fi amọ̀ mọ, káìtì, fáànù oníwèé tí atẹ́gùn ń yí. Kò dìgbà tó bá lẹ́wà. Kò sì dìgbà tí ẹnìkan bá lè fowó rà á.

Mi ò ka èyí tí wọ́n ti gé tán, tí wọ́n ti kùn tán mọ́ ọn, èyí tó jẹ́ pé kí ọmọ kàn lẹ ọ̀kan mọ́ èkejì bí wọ́n ṣe yà á sára páálí rẹ̀. Kò burú láti rà á fún ọmọ, àmọ́ ẹni tó ṣe é ti bá ọmọ náà ro gbogbo ohun tó yẹ kí ọmọ fúnra rẹ̀ rò.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ ọdún méjì lè ya bébà, ó lè po ìyẹ̀fun tí a bu omi sí, ó lè to agolo léra wọn. Tó bá ti tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ lè fún un ní sísọ́ọ̀sì tí orí rẹ̀ kò mú, kó máa gé etí bébà bó ṣe wù ú. Gígé tó tọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kí òbìrìkítí tí wọ́n gé tó jọ òbìrìkítí. Ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje lè fi abẹ́rẹ́ olójú ńlá rán àkísà bí àgbà bá wà nítòsí.

Mo máa ń wo ọwọ́ ọmọ kí n tó béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti ń bá ìyá rẹ̀ họ ìpẹ́ ẹja mọ ọ̀bẹ mú ju ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọn kò jẹ́ kó wọ ilé ìdáná rí lọ.

Kí ni ọmọ ń rí kọ́ níbẹ̀? Ṣebí eré ni.

Ẹ jẹ́ ká mú mọ́tò agolo. Ọmọ gé táyà mẹ́rin lára sílípáàsì tó ti já, ó fi igi ìgbálẹ̀ kọjá láàárín wọn, ó fa mọ́tò náà, mọ́tò ń tiro. Ó gbé e sókè, ó yí i wò, ó rí i pé ihò táyà kan kò sí láàárín. Báwo wá ni èèyàn ṣe ń mọ àárín òbìrìkítí? Á fi táyà náà lé orí bébà, á fi pẹ́ńsù yí i po, á gé bébà náà, á ká a sí méjì, á tún ká a sí méjì lọ́nà mìíràn. Ibi tí ojú ìká méjèèjì ti pàdé ni àárín. Ọmọ tó bá ti fi èyí tún táyà ṣe ti mọ ohun tí olùkọ́ ìṣirò fẹ́ sọ kí olùkọ́ tó dé ibẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ kékeré àti ìgèrè tún ní ẹ̀kọ́ tiwọn. Tí a bá ń hun ún yípo, tí okùn ń gba orí igi kan, tó ń gba abẹ́ èkejì, iye igi tó dúró gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba: méje, mẹ́sàn-án, mọ́kànlá. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, okùn á yí dé ìbẹ̀rẹ̀, á tún gba orí igi tó ti gba orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, apẹ̀rẹ̀ náà kò sì ní mú ara dúró. Mi ò kì í sọ ọ́ fún wọn. Mo máa ń fún ọmọ kan ní igi mẹ́jọ, mo máa ń fún èkejì ní mẹ́sàn-án, mo sì máa ń dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi ara wọn.

Ní ti ọkọ̀ ojú omi, omi fúnra rẹ̀ ni olùkọ́. Páálí á mu omi, á rọ̀, á rì. Ọmọ á gbìyànjú láti fi ọ̀rá wé e, tàbí kó ní kí n bá òun yọ́ àbẹ́là sí i nídìí. Bó bá ti léfòó tán, ó tún lè dojú dé nítorí pé òpó àsíá tó rì mọ́ ọn ga jù. Ọmọkùnrin kan sá lọ sí Marina, etí omi Ẹ̀pẹ́ níbí, lọ wo bí wọ́n ṣe ń di ẹrù sínú ọkọ̀, ó padà wá sọ fún wa pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń kó èyí tó wúwo sí. Ó wá òkúta pẹlẹbẹ kan, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n bi mí irú ọkọ̀ tí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi sá wá sí ọ̀dọ̀ wa nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní ìparí 1851, nítorí ìtàn tí wọ́n ń gbọ́ nígbà ọdún Káyókáyó ìlú wa ni. Mo ti ń kọ́ ọmọ fún ìgbà pípẹ́, kò sí ìgbà tí mo fi ìwé mú wọn béèrè ìbéèrè yẹn.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti èdè. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa lónìí, “gé” nìkan ni wọ́n mọ̀. Lórí iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n á gé bébà, wọ́n á rẹ́ etí aṣọ, wọ́n á la imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n á bó èèpo, wọ́n á họ igi, wọ́n á lọ́ okùn, wọ́n á ta kókó, wọ́n á tú u. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

Ṣé ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti mọ̀wé kọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìka tó ń dá pẹ́ńsù dúró nílò agbára, agbára náà sì ń wá láti inú pípo amọ̀, fífún àkísà, títa kókó àti títẹ sísọ́ọ̀sì. Mo ti rí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n ń fipá mú kọ A, B, D nígbà tí ìka rẹ̀ kò tíì lè ṣí ìdérí ìgò. Ẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní amọ̀ fún oṣù mélòó kan ná.

Mi ò lówó tí mo fẹ́ fi ra nǹkan iṣẹ́.

Ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ wá àpò kan, kí ẹ máa ju páálí, agolo tí ẹnu rẹ̀ kò mú, ike omi, àkísà, igi ìgbálẹ̀, ìdérí ìgò, sílípáàsì tó já àti ìwé àtijọ́ sínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àpò yẹn á kún. Imọ̀ ọ̀pẹ wà káàkiri ìlú wa. Etí omi náà sì ní ewéko tí àwọn kan ń pè ní gbéborùn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ọ̀sà wa láti 1984, tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ àwọn apẹja. Bí àgbà bá bá wọn fà á, tí wọ́n sì sá igi rẹ̀ gbẹ dáadáa, ó ṣeé lọ́ bí okùn, ó ṣeé hun.

Gọ́ọ̀mù kò tó rà. Ẹ fi omi tútù po láfún tàbí fúláwà díẹ̀ kó má ní kókó, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, kí ẹ máa rò ó títí tó fi máa ki, tó sì máa dán. Ó ń lẹ bébà àti páálí mọ́ra dáadáa, àmọ́ kò lè lẹ ike tàbí agolo. Okùn tàbí wáyà ni ti ìyẹn. Ẹ se ìwọ̀n tí ẹ máa lò lọ́jọ́ kan, nítorí ó máa ń kan. Ẹ sì má ṣe kó iṣẹ́ tí a fi lẹ̀ sínú àpótí aṣọ, torí aáyán àti eku fẹ́ràn rẹ̀. Ní ti káìtì, èbà àná náà tó o. Èbà ni àwa fi lẹ tiwa.

Kí ni kò yẹ kí ọmọ fọwọ́ kàn?

Ìlú apẹja ni ìlú wa, nítorí náà òjé ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Òjé tí wọ́n ń so mọ́ ìsàlẹ̀ àwọ̀n rọ̀, ó wúwo, ó ṣeé fi eyín tẹ̀, ọmọ sì fẹ́ràn láti fi ṣe ẹrù ọkọ̀ tàbí láti so ó mọ́ ìrù káìtì. Májèlé ni. Ó máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ó kéré tán 400 ọmọdé ni májèlé òjé pa láti inú eruku òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà. Ẹ fi òkúta dípò rẹ̀. Bí bàbá bá ń yọ́ òjé nílé, kí ọmọ má sí nítòsí rárá.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ bátìrì láti yọ èédú inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà kan láti fi kun pátákó dúdú ilé ìwé. Bátìrì kékeré pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnnì, tó ń wà nínú ohun ìṣeré àti rìmóòtù, léwu jù lọ: bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, ẹ má dúró wò ó. Ohunkóhun tó lè wọ ọ̀fun, ẹ mú un kúrò níwájú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Bébà àpò sìmẹ́ǹtì dára lójú, ó nípọn, àmọ́ eruku rẹ̀ ń jẹ awọ ara, ó sì ń ta ojú. Ẹ má dáná sun ike tàbí ọ̀rá láti fi lẹ nǹkan mọ́ra. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe àdìrẹ, kí ọmọ fi ìko di aṣọ, kó fi òkúta wẹ́wẹ́ há a, kó ká a bó ṣe fẹ́. Àgbà ni kó ri í sínú aró, nítorí sódà tó wà nínú rẹ̀ máa ń bó ọwọ́. Dídì náà ló ni ọgbọ́n; ọmọ ò pàdánù nǹkan kan.

Láti ìdájí ni mo ti máa ń wà ní ọjà Olúwo. Ìgbà wo ni mo fẹ́ jókòó ti ọmọ?

Ẹ̀yin ìyá mi, kò pọn dandan kí ẹ jókòó tì í. Ọmọ tó bá ti mọ sísọ́ọ̀sì lò lè fi ogún ìṣẹ́jú ṣe nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí ẹ ṣe ń tajà. Ohun tó nílò ni àpò nǹkan iṣẹ́ rẹ̀, àyè kékeré kan, àti kí ẹ wò ó nígbà tó bá ní “Màámi, ẹ wò ó.” Bí ẹ bá ń di ẹja, tí ẹ ń ta kókó ọ̀rá, ẹ jẹ́ kó wo ọwọ́ yín. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn náà.

Ilé á dọ̀tí ńkọ́?

Á dọ̀tí. Ẹ tẹ́ ẹní àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un, kí iṣẹ́ má kọjá orí rẹ̀. Bó bá parí, òun ni kó gbọn ẹní náà, kó ká a, kó gbé e padà sí ibi tó ti mú un.

Fóònù ò lè kọ́ ọ ni? Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó lè fi hàn án. Èmi náà máa ń wo fídíò bí wọ́n ṣe ń ká bébà. Àmọ́ fóònù kò lè jẹ́ kí ìka mọ bí a ṣe ń fa okùn tó kí ó tó já, tàbí bí amọ̀ ṣe ń rí nígbà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kó wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gba fóònù, kó wá ṣe ohun tó rántí. Ohun tó gbàgbé ni yóò fi ọgbọ́n ara rẹ̀ dí.

Ilé ìwé ní kí ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, ọjà ni mo sì ti máa ń rà á. Ṣé ó burú?

Ó burú, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò. Nígbà tí mo wà ní pírámárì márùn-ún, wọ́n ní ká mú abẹ̀bẹ̀ wá. Bàbá mi lọ ra èyí tó dára jù lọ́jà, mo gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ló hun tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wọ́, etí rẹ̀ ti ń tú, ó gba mẹ́rin. Òun mọ abẹ̀bẹ̀ hun. Èmi ò mọ̀ ọ́n títí mo fi di ìyá ọlọ́mọ, ojú sì ń tì mí nígbà tí mo lọ bẹ ìyá àgbà kan kó kọ́ mi.

Ẹ béèrè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù ohun tí wọ́n máa ní kí ọmọ mú wá, kí ẹ má dúró di alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ń gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ha ọwọ̀ láti ara imọ̀ ọ̀pẹ: ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń fa ewé kúrò lára igi àárín rẹ̀, kó ha ìwọ̀nba lójúmọ́, kó sá a, kó dì í. Ọwọ̀ náà á tín-ín-rín. Ẹ jẹ́ kó gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Cultural and Creative Arts, ìyẹn ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà, wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba kí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan ni. Tí máàkì bá jẹ́ ti èyí tó dán jù, ọjà ni ẹ ń fún ní máàkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní kíláàsì. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi í: “Báwo lo ṣe bẹ̀rẹ̀? Ibo ló ti le jù? Kí ni o ṣe sí i?” Ọmọ tí wọ́n bá a ra tirẹ̀ kò ní ní ìdáhùn sí ìbéèrè kejì.

Dókítà ni mo fẹ́ kí ọmọ mi dà, mi ò fẹ́ kó di oníṣẹ́ ọwọ́.

Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ń gé, ó ń rán, ó ń ta kókó. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Friedrich Froebel, ará Jámánì tó dá jẹ́lé-ó-sinmi àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1837, fi bébà kíká àti híhun sínú iṣẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Finland sọ iṣẹ́ ọwọ́ di dandan ní ilé ìwé ní 1866. Nítòsí wa níhìn-ín, Aina Onabolu, ayàwòrán, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ló rọ ìjọba amúnisìn títí pé kí wọ́n mú olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wá sí àwọn ilé ìwé wa. Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, dé ní 1927, òun náà sì tẹnu mọ́ ọn pé kí àwọn ọmọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wọn. Inú mi máa ń dùn láti rántí pé ará ilé wa ló kan ìlẹ̀kùn yẹn.

Ọmọkùnrin mi ń rán aṣọ fún ọmọláńgidi. Ṣé kí n dá a dúró?

Ẹ má dá a dúró. Ta ló ń hun aṣọ òfì? Ọkùnrin ni. Ta ló ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá láti ayé àwọn baba wa? Ọkùnrin ni. Àwọn apẹja wa ń jókòó sí etí omi, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tún àwọ̀n wọn ṣe láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, kò sí ẹni tó ń sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni.

Ọwọ́ òsì ni ọmọ mi fi ń gé nǹkan. Ṣé kí n nà án kúrò lára rẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má nà án. Ẹ kọ́ ọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń kí àgbà, òun ni a fi ń fún èèyàn ní nǹkan. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, á sì gbọ́. Àmọ́ páálí kì í ṣe àgbà. Ọwọ́ tí ọmọ bá fi gé e kò tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń jẹ́ kí ọmọ ọlọ́wọ́ òsì dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan ṣe ni pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ sísọ́ọ̀sì fún. Bó bá fi ọwọ́ òsì dì í mú, abẹ òkè á bo ìlà tó ń gé mọ́ ọn lójú, bó bá sì tẹ̀ ẹ́, abẹ méjèèjì á ṣí kúrò lára ara wọn, bébà á kàn ká sáàárín wọn. Sísọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ òsì wà, bí ẹ bá lè rí i rà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ kó máa gé òbìrìkítí lọ síbi tí ọwọ́ aago ń yí sí, ó máa ń rọrùn fún un bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ kọ́ ọ ní kókó títa tàbí híhun, ẹ jókòó kọjú sí i, ẹ má jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: á wo ọwọ́ yín bí ẹni ń wo dígí. Mo fi ọdún kan jókòó ti ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó mọ èyí.

Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ ère. Ṣé ọmọ wa lè máa wá?

Ó lè máa wá. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kò dọ́gba lórí ọmọláńgidi ọmọdé, nítorí náà ẹ bi aáfà yín, ohun tó bá sọ ni a óò tẹ̀ lé. Àwọn òbí kan gbà kí a ṣe é láìya ojú àti ẹnu sí i. Àwọn mìíràn kò fẹ́ ẹ rárá, kò sì sí ìjà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù pọ̀ jù: ọkọ̀, àwọ̀n, apẹ̀rẹ̀, àdìrẹ, ilé onípáálí. Èyí tí àwọn ọmọ ilé kéwú fẹ́ràn jù ni kí a lọ èédú kúnná láti fi ṣe tàdáwà, kí wọ́n gbẹ́ gègé láti ara igi, kí wọ́n sì fi kọ̀wé sórí pátákó kékeré bíi wàláà. Wọ́n máa ń sọ fún mi bí bàbá àgbà wọn ṣe ń ṣe tirẹ̀, èmi ni mo sì ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ mi kì í tètè lóye nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n. Kí ni ó lè ṣe?

Amọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí kò ní ẹ̀yìn, kò ní ojú, kò sì sí bó ṣe lè mọ ọ́n tí kò ní jẹ́ nǹkan kan. Ẹ sá ohun tó bá mọ sí ibòji, kó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sínú oòrùn, ìta á gbẹ, á sún kì kí inú tó gbẹ, á sì là. Tó bá kan bébà, ẹ fi òkúta wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún un kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè. Okùn tó nípọn, ihò tó fẹ̀, àkókò tó gùn. Ẹ má fi í wé àbúrò rẹ̀ lójú rẹ̀.

Kì í parí iṣẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, kò parí ìkankan.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ń dúró sí. Bó bá jẹ́ ibì kan náà ló ń dúró sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, bíi kókó títa, ojú sì ń tì í láti béèrè. Ẹ kọ́ ọ ní ohun kan yẹn nìkan, á padà sídìí rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ náà tóbi jù fún un, ẹ ní kó ṣe èyí tó lè parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti mọ bó ṣe ń rí, ó tán lójú wọn. Mi ò ka ìyẹn sí àrùn.

Bó bá ti bàjẹ́, ó máa ń sunkún, á sì fọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó sunkún ná. Ẹ má sọ fún un pé kò tó nǹkan, torí ó tó nǹkan lójú rẹ̀. Ó ti fi ọ̀sán kan ṣe é. Ẹ má sì sáré lọ ra òmíràn fún un. Bí ara rẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ bá a ṣa àwọn èyí tó fọ́ jọ, kí ẹ béèrè pé: “Ibo ló ti kọ́kọ́ já?” Ìbéèrè yẹn máa ń sọ ẹkún di iṣẹ́. Ó máa ń wá ibẹ̀. Bó bá rí i, á fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Inú agbo wa, a ní òfin kan: ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, á sọ ohun tó rò pé ó fà á, àwọn yòókù á sì sọ ohun tí wọ́n rò. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó kọ́kọ́ máa ń fọ́ tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ti wá ń gbé èyí tó bàjẹ́ bọ̀ kó lè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ṣé kí n bá a tún un ṣe kó lè dára díẹ̀?

Rárá. Èyí ló le jù fún àwọn òbí, ó sì le fún èmi náà títí di òní. Ọwọ́ mi máa ń yún mí. Mo rí i pé táyà ti fẹ́ yọ, mo mọ ohun tí mo lè fi ìṣẹ́jú kan ṣe sí i. Bí mo bá ṣe é, mọ́tò náà á rìn, ọmọ náà á sì mọ̀ pé èmi ni mo jẹ́ kó rìn. Ibi tí táyà ti yọ gan-an ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà, èmi ni mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ohun tí mo gbà kí àgbà ṣe kò pọ̀: kó ṣe ohun tó léwu, bíi yíyọ́ àbẹ́là àti dídá agolo lu; kó di igun kan mú nígbà tí ọwọ́ ọmọ méjèèjì kò ráyè; kó fi bí a ṣe ń ta kókó hàn án lórí okùn mìíràn, kó tú u, kí ọmọ wá ta tirẹ̀. Bó bá béèrè pé “Kí ni kí n ṣe?”, ẹ bi í ohun méjì tó rò pé ó lè ṣe, kó yan ọ̀kan. Bí èyí tó yàn kò bá dára, ẹ jẹ́ kó ṣe é.

Ẹ má sì sọ pé ó lẹ́wà bí kò bá lẹ́wà, ọmọ mọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: “O fi òkúta sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yìí.” “Kókó rẹ di mẹ́fà lónìí, mẹ́ta ni lánàá.” Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí ibi tí àlejò lè rí, pẹ̀lú gbogbo wíwọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ onípáálí tó wà lórí fèrèsé mi báyìí, ọmọ ọdún mẹ́fà ló ṣe é, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti ní òun máa wá tún un ṣe ní Sátidé. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án.